Ìlérí Fọ́tò Tí Kì Í Ṣá

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ yẹ̀ wò ní alẹ́ yìí jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ènìyàn kì í sábà ronú kàn títí nǹkan yóò fi bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ní ọdún 2000, ní Amẹ́ríkà àti ní àwọn ìlú kan ní Yúróòpù, àwọn tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ kékeré orí tábìlì tẹ fọ́tò nínú ilé ara wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ké gbàjarè. Wọ́n tẹ fọ́tò ìgbéyàwó, wọ́n tẹ fọ́tò ọmọ tuntun, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri tàbí kí wọ́n gbé e lé orí àpótí ìwé láìfi gíláàsì bò ó. Kò pẹ́, kò jìnnà, àwòrán náà yí padà. Lọ́dọ̀ àwọn kan, ó gba oṣù díẹ̀. Lọ́dọ̀ àwọn mìíràn, ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Àwọn kan tilẹ̀ sọ pé ọjọ́ mélòó kan péré ni. Búlúù ojú ọ̀run rẹ̀ dànù, ewéko di pupa rúsúrúsú, gbogbo ibi tí òjìji wà sì di àwọ̀ ọsàn tí ó pọ́n. Bẹ́ẹ̀ sì ni, ohun tí àwọn tí ó ra ẹ̀rọ àti bébà wọ̀nyí ti kà ni pé fọ́tò náà yóò lo nǹkan bí ọdún 10 kí ó tó ṣá.

Ta ni ó parọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí? Ní tèmi, n kò rò pé ẹnikẹ́ni mọ̀ọ́mọ̀ parọ́. A ti dán bébà náà wò, a sì ti ṣírò ọdún rẹ̀ bí ìṣirò ti rí. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé ọ̀tá kan ni wọ́n ń ṣọ́ ní ẹnu ọ̀nà, ọ̀tá mìíràn ni ó gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Bí a bá sì yẹ ìtàn fọ́tò wò láti ìbẹ̀rẹ̀, a ó rí i pé irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, àti pé lẹ́yìn tí àwòrán bá ti ṣègbé tán ni ìmọ̀ máa ń dé. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ padà sẹ́yìn kí a tó wá dé orí ẹ̀rọ ọdún 2000 náà.

Fọ́tò kò tilẹ̀ tí ì ní orúkọ tí ṣíṣá rẹ̀ ti di ìṣòro. Ní ọdún 1802, Thomas Wedgwood àti Humphry Davy kéde ní London pé àwọn ti rí ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ lè gbà ya àwòrán ewé àti ìyẹ́ kòkòrò sí ara bébà tàbí awọ tí a fi omi èròjà fàdákà pa. Àwòrán náà hàn lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọn kò mọ bí a ti ń dá iṣẹ́ ìmọ́lẹ̀ dúró. Ìmọ́lẹ̀ tí ó yà á náà ni ó ń bò ó mọ́lẹ̀. Iná àbẹ́là ni wọ́n fi ń wò ó, bí ẹni tí ń ka owó ajẹnilójú ní òru. Ní ọdún 1839, William Henry Fox Talbot, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé ọ̀nà tirẹ̀ jáde. Omi iyọ̀ ni ó kọ́kọ́ fi ń gbìyànjú láti mú àwòrán dúró. Ọ̀rẹ́ rẹ̀, John Herschel, ni ó ti rí i láti ọdún 1819 pé èròjà kan tí àwọn onífọ́tò ń pè ní hypo lè yọ́ èròjà fàdákà tí ìmọ́lẹ̀ kò kàn. Herschel ni ó ní kí a máa fi hypo wẹ àwòrán. Títí di òní, hypo ṣì ni àwọn tí ń ṣe fọ́tò dúdú-òun-funfun nínú yàrá òkùnkùn ń lò.

Àwọn ènìyàn rò pé ìṣòro ti tán. Kò tán rárá. Hypo tí ó gba àwòrán là lọ́wọ́ ìmọ́lẹ̀ ní imí-ọjọ́ nínú. Bí a kò bá fi omi púpọ̀ ṣan bébà náà, imí-ọjọ́ yìí yóò jókòó sí inú rẹ̀, yóò sì máa jẹ fàdákà díẹ̀díẹ̀ títí àwòrán yóò fi pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ tí yóò sì parẹ́. Púpọ̀ nínú àwọn fọ́tò tí Talbot lẹ̀ mọ́ inú ìwé rẹ̀, The Pencil of Nature, tí ó jáde láti 1844 sí 1846, ni ó ṣá. Ní ọdún 1846 kan náà, ó pèsè ẹgbẹẹgbẹ̀rún fọ́tò fún ìwé ìròyìn kan tí ń jẹ́ The Art-Union, kí ẹni tí ó bá ra ìwé náà lè fi ojú ara rẹ̀ rí iṣẹ́ tuntun yìí. Ìpolówó ọjà ni ó fẹ́ fi ṣe. Ṣùgbọ́n kí àwọn òǹkàwé tó yìn ín tán, àwòrán ti ń rẹ̀ lọ lójú wọn. Ìpolówó wá di ìbànilórúkọjẹ́.

Ní ọdún 1855, ẹgbẹ́ àwọn onífọ́tò ìlú London tí ń jẹ́ Photographic Society yan ìgbìmọ̀ kan láti wádìí ìdí tí fọ́tò fi ń ṣá. Ọmọ ọba Albert, ọkọ Ọbabìnrin Victoria, fi £50 ti iṣẹ́ wọn lẹ́yìn. Ìgbìmọ̀ yìí ni mo kà sí baba gbogbo àwọn tí ń dán fọ́tò wò lónìí. Wọn kò jókòó sọ ohun tí ó yẹ kí ó rí bẹ́ẹ̀; wọ́n kó èyí tí ó ti ṣá àti èyí tí kò ṣá jọ, wọ́n sì ń wá ohun tí ó ya ọ̀kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Kí ọdún náà tó parí, wọ́n ti gbé èsì jáde. Hypo tí a kò ṣàn kúrò dáadáa ni olórí ọ̀ràn. Ọ̀rinrin ń ràn án lọ́wọ́. Imí-ọjọ́ tí ó wà nínú èéfín èédú tí ó kún ojú ọ̀run London náà sì ń bá wọn ṣe é. Wọ́n wá gba àwọn onífọ́tò níyànjú pé kí wọ́n máa fi omi wúrà pa àwòrán wọn, nítorí pé imí-ọjọ́ kì í rí wúrà jẹ bí ó ti ń rí fàdákà jẹ.

Mo fẹ́ kí ẹ di ọ̀rọ̀ èéfín yẹn mú. Láti ọdún 1855 ni a ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé afẹ́fẹ́ tí a ń mí sínú lè pa fọ́tò. Ọdún 145 lẹ́yìn náà, a tún lọ kọ́ ẹ̀kọ́ kan náà pẹ̀lú owó gọbọi.

Ní àkókò ìgbìmọ̀ yìí, àwọn mìíràn ti ń wí pé kí a kúkú fi fàdákà sílẹ̀. Ní ilẹ̀ Faransé, ìjòyè ọlọ́rọ̀ kan, Duc de Luynes, gbé 10,000 francs kalẹ̀ ní 1856 fún àwọn tí wọ́n bá lè rí ọ̀nà tí a fi lè tẹ fọ́tò tí kì í ṣá. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú owó náà wà fún ẹni tí ó bá lè fi tàdáwà ìtẹ̀wé tẹ fọ́tò. Alphonse Poitevin ni ó gba èyí ní 1867. Poitevin yìí kan náà ti fi hàn láti 1855 pé bí a bá po dúdú èédú mọ́ àtè tí a sè láti ara awọ àti egungun ẹran, tí a sì fi èròjà kan tí ìmọ́lẹ̀ ń mú le sí i, ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá kàn yóò le, ibi tí kò kàn yóò ṣàn lọ nínú omi gbígbóná. Dúdú èédú tí ó bá ṣẹ́kù ni àwòrán. Joseph Swan, ará Newcastle, tún ọ̀nà náà ṣe ní 1864 débi pé ó di iṣẹ́ òwò. Àwọn fọ́tò tí a fi ọ̀nà yìí ṣe ní ìgbà náà ṣì dúdú kirikiri nínú àwọn ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí lónìí.

Kí ni ó fún èédú ní irú agbára bẹ́ẹ̀? Ìdáhùn rẹ̀ ni kókó gbogbo ohun tí a ó sọ títí ètò yìí yóò fi parí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n ṣe sùúrù níbẹ̀ díẹ̀. Oríṣi ohun aláwọ̀ méjì ni ó wà. Àkọ́kọ́ ni àwọ̀ yíyọ́. Bí a bá rẹ ìṣápá pupa sínú omi gbígbóná, pupa rẹ̀ yóò yọ́ sínú omi pátápátá. Bí a bá dúró di ọ̀la, a kò ní bá ohunkóhun tí ó sílẹ̀ nísàlẹ̀. Èkejì ni àwọ̀ lẹ́búlẹ́bú. Osùn àti ẹfun ni kí ẹ fi ṣe àpẹẹrẹ: a lè pò wọ́n mọ́ omi, ṣùgbọ́n bí omi bá dúró jẹ́ẹ́, wọn yóò sílẹ̀. Nínú àwọ̀ yíyọ́, ìdá tí ó kéré jù lọ ni ó ń dá dúró, láìní ẹnìkejì. Bí ìmọ́lẹ̀ tàbí afẹ́fẹ́ búburú bá lù ú, ó ti lọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹyọ lẹ́búlẹ́bú kan, bí ó ti wù kí ó kéré tó, òkìtì ni. Ìta rẹ̀ lè jìyà kí inú rẹ̀ má mọ̀. Èédú sì wá ju gbogbo lẹ́búlẹ́bú lọ, nítorí pé iná ti jó ohun tí ó lè bàjẹ́ nínú rẹ̀ kúrò. Tàdáwà tí àwọn àlùfáà wa fi ń kọ̀wé sí ara wàláà láyé àtijọ́ jẹ́ ti ìdílé yìí: omi ni a fi ń fọ̀ ọ́ kúrò, oòrùn kò lè ṣá a.

A lè rò pé lẹ́yìn Swan, ayé ti gbọ́n. Ṣùgbọ́n fọ́tò èédú wọ́n, ó sì ń fẹ́ suuru, nígbà tí fọ́tò fàdákà yá. Fàdákà ni ó borí. Lẹ́yìn rẹ̀ ni fọ́tò aláwọ̀ dé. Ní ọdún 1942, ilé iṣẹ́ Kodak gbé Kodacolor jáde, fíìmù tí ará ilé lásán lè fi ya fọ́tò kí a sì tẹ̀ ẹ́ sórí bébà fún un pẹ̀lú gbogbo àwọ̀ rẹ̀. Àwọ̀ yíyọ́ ni. Henry Wilhelm, ará Amẹ́ríkà tí ó fi ọjọ́ ayé rẹ̀ sí ìmọ̀ yìí, gbé ìwé ńlá kan jáde pẹ̀lú Carol Brower ní 1993, ó sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìgbà ègbé pátápátá ni ìgbà Kodacolor láti 1942 sí 1953 jẹ́ fún fọ́tò aláwọ̀. Kódà, èyí tí wọ́n fi pamọ́ sínú álíbọ́ọ̀mù níbi tí ìmọ́lẹ̀ kò dé kò yè. Èròjà kan tí ó yẹ kí ó di àwọ̀ ni kò dà á tán, ó ṣẹ́kù sínú bébà, ó sì ń pọ́n fúnra rẹ̀ nínú òkùnkùn. Ẹ wò ó bí ó ti rí: ọmọ tí a bí ní 1945 kò ní fọ́tò ìgbà èwe tí ó ṣe é wò, nígbà tí fọ́tò dúdú-òun-funfun tí ìyá rẹ̀ àgbà yà ní 1905 ṣì ń dán lára ògiri. N kò ní fi àkókò yín ṣòfò lórí bébà tí a fi ike bò ní àwọn ọdún 1970, tí ojú rẹ̀ ń sán; ìtàn kan náà ni, aṣọ ni ó yàtọ̀.

Nísinsìnyí a ti dé orí tàdáwà. Ní àwọn ọdún 1980, ilé iṣẹ́ kan ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, Iris Graphics, ṣe ẹ̀rọ ńlá kan tí ń tu ẹ̀kán tàdáwà kéékèèké sára bébà títí yóò fi di àwòrán. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ni a ń pè ní inkjet. Àwọn atẹ̀wé ni wọ́n ṣe é fún, kí wọ́n lè kọ́kọ́ wo bí ojú ìwé yóò ti rí kí wọ́n tó tẹ ẹgbẹẹgbẹ̀rún rẹ̀. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan ni bébà àyẹ̀wò náà ń ṣe, lẹ́yìn náà apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí. Ta ni yóò máa bi tàdáwà rẹ̀ léèrè bóyá yóò ṣá?

Graham Nash ni ó gba ọ̀nà mìíràn mọ́ ọn. Akọrin ni, ọmọ ìlú Blackpool ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó di olókìkí ní Amẹ́ríkà. Ó sì fẹ́ràn fọ́tò gidigidi. Ó ra ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ Iris náà ní iye tí ó lé ní $120,000. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀, Mac Holbert, fi ayùn gé nǹkan kúrò lára ẹ̀rọ náà kí bébà nínípọn tí àwọn ayàwòrán fi ń ya àwòrán lè gba inú rẹ̀ kọjá. Ìgboyà ni èyí! Ní 1991, wọ́n ṣí ilé iṣẹ́ Nash Editions ní Manhattan Beach, ní California, àwọn gbajúmọ̀ onífọ́tò sì ń gbé iṣẹ́ wá. Iṣẹ́ náà rẹwà débi pé àwọn ènìyàn ń fi owó iyebíye rà á. Ṣùgbọ́n tàdáwà àyẹ̀wò ni tàdáwà rẹ̀. Lára ògiri tí ìmọ́lẹ̀ ń dé, àwọn kan nínú wọn kò lo ju ọdún mélòó kan lọ. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ó gbà kí a tó rí tàdáwà tí ó sàn fún un. Ẹ̀rọ náà gan-an wà ní ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí ti ìjọba Amẹ́ríkà ní Washington, tí a ń pè ní Smithsonian, láti ọdún 2005. Èmi a máa rẹ́rìn-ín nígbà tí mo bá rántí pé ẹ̀rọ ni a tọ́jú síbẹ̀, nígbà tí púpọ̀ nínú ohun tí ó kọ́kọ́ tẹ̀ ti ṣá.

Nígbà tí àwọn ọdún 1990 fi máa parí, irú ẹ̀rọ yìí ti kéré, ó ti pọ́ọ́kú, ó ti wọ ilé gbogbo ènìyàn. Ẹ̀rọ Canon àti ti HP ń fi ooru hó tàdáwà kí ó lè ta jáde; ti Epson ń fi òkúta kan tí iná mànàmáná ń mú ká kò tì í jáde. Ìyẹn kò kàn wá púpọ̀. Bébà ni ó kàn wá, nítorí inú bébà ni ìjà ọdún 2000 ti ṣẹlẹ̀.

Oríṣi bébà méjì ni wọ́n ń ṣe. Ojú ti àkọ́kọ́ ní àtè tí ń wú bí gàrí inú omi. Bí ẹ̀kán tàdáwà bá bọ́ lé e, àtè náà yóò fà á mu, yóò wú, yóò sì pa dé mọ́ àwọ̀ náà lórí nígbà tí ó bá gbẹ. Ààbò nìyẹn. Àléébù rẹ̀ ni pé kì í tètè gbẹ. Bí omi bá sì ta sí i, ó bàjẹ́. Ojú ti èkejì dà bí ara ìkòkò amọ̀: ihò wẹ́wẹ́ tí ojú kò lè rí ni ó kún inú rẹ̀. Tàdáwà ń wọ inú ihò wọ̀nyí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ọwọ́ sì lè kan fọ́tò náà bí ó ti ń jáde. Gbogbo ènìyàn ni ó fẹ́ràn èyí. Ṣùgbọ́n ihò tí ó gba tàdáwà wọlé kì í ti ara rẹ̀. Afẹ́fẹ́ ń wọlé, ó ń jáde, lójoojúmọ́.

Bébà dídán tí Epson ń tà pẹ̀lú ẹ̀rọ rẹ̀, Stylus Photo 870 àti 1270, ní ọdún 2000 jẹ́ ti oríṣi kejì yìí, tàdáwà ẹ̀rọ náà sì jẹ́ àwọ̀ yíyọ́. Afẹ́fẹ́ kan wà tí a ń pè ní ozone. Oòrùn ń dá a sílẹ̀ láti inú èéfín ọkọ̀. Àwọn ẹ̀rọ kan tí ń lo iná mànàmáná náà ń tú u sílẹ̀ nínú ilé. Ó kéré jọjọ nínú afẹ́fẹ́, ṣùgbọ́n ó ń jẹ àwọ̀. Nínú àwọn àwọ̀ tí a fi ń ṣe fọ́tò, èyí tí ó jọ búlúù ojú sánmà ni ó kọ́kọ́ jẹ. Bí búlúù bá lọ, elésè àlùkò àti ìyeyè ni yóò ṣẹ́kù. Àpapọ̀ àwọn méjèèjì yìí ni àwọ̀ ọsàn. Ìdí nìyẹn tí gbogbo fọ́tò náà fi pọ́n bákan náà, ìbáà jẹ́ ní Amẹ́ríkà tàbí ní ibòmíràn. Èyí tí ó wà lẹ́yìn gíláàsì ń bọ́; èyí tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí ń kú. Ilé iṣẹ́ náà tún bébà rẹ̀ ṣe lẹ́yìn náà.

Kí ni ó dé tí àyẹ̀wò kò fi rí i? Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ gbọ́ èyí dáadáa, nítorí pé kì í ṣe fọ́tò nìkan ni a lè fi í mọ̀. Kò sí ẹni tí ó lè dúró fún ọdún 10 kí ó tó ta bébà. Nítorí náà, wọ́n ń gbé fọ́tò sí abẹ́ iná líle tí ó ju iná inú ilé lọ ní ìlọ́po ìlọ́po, fún ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù díẹ̀, wọn a wá ṣírò pé iná tí ó gbà yìí bá iná ọdún báyìí-báyìí nínú ilé dọ́gba. Ìṣirò náà dára. Ṣùgbọ́n iná nìkan ni ó mú yára. Afẹ́fẹ́ inú yàrá àyẹ̀wò kò yára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ; ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni ó jẹ́ fún un, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ náà ni ó sì lò. Ọdún 10 tí a kọ sílẹ̀ jẹ́ ọdún 10 ti ìmọ́lẹ̀. Ti afẹ́fẹ́ kò sí nínú ìwé náà rárá.

Ìmọ́lẹ̀ gan-an náà, a kò fi ẹnu kò lórí rẹ̀. Wilhelm, tí ilé iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ wà ní ìlú Grinnell ní ìpínlẹ̀ Iowa, ń ṣírò pé ìmọ́lẹ̀ 450 lux ni ó ń kan fọ́tò nínú ilé fún wákàtí 12 lójúmọ́. Kodak ń lo 120 lux ní tirẹ̀, ó ní bẹ́ẹ̀ ni ilé ènìyàn ti rí. Bí a bá pín 450 sí ọ̀nà 120, yóò fún wa ní 3.75. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé fọ́tò kan ṣoṣo tí ọ̀kan pè ní fọ́tò ọdún 20, èkejì lè pè é ní fọ́tò ọdún 75, láìsí pé bébà tàbí tàdáwà yí padà, tí àwọn méjèèjì yóò sì fi ọwọ́ sọ̀yà pé òtítọ́ ni àwọn sọ. Mo gbà pé ti Wilhelm ni ó ṣàǹfààní jù fún ẹni tí ń rajà, nítorí ó sàn kí a fi ojú ilé tí ó mọ́lẹ̀ jù wọ̀n ọ́n ju kí a fi ojú ilé tí ó ṣókùnkùn wọ̀n ọ́n lọ.

Ní ọdún 2000 kan náà tí fọ́tò àwọn ènìyàn ń pọ́n, Epson yìí kan náà gbé ẹ̀rọ mìíràn jáde, Stylus Photo 2000P, tí tàdáwà rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ lẹ́búlẹ́bú. A padà sọ́dọ̀ Poitevin àti Swan nìyẹn. Ìṣòro tí ó ṣẹ́kù ni bí a ti lè lọ lẹ́búlẹ́bú kúnná tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi ní dí ẹnu ihò tí ó tín-ín-rín ju irun orí lọ. Wọ́n rí i ṣe. Ṣùgbọ́n àwọ̀ rẹ̀ kò tàn tó ti tàdáwà yíyọ́, fọ́tò dúdú-òun-funfun tí ó bá sì tẹ̀ a máa hàn bí ewé nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, a sì máa pọ́n lábẹ́ iná gílóòbù alẹ́. Ní 2002 ni wọ́n gbé tàdáwà tí ó sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ jáde. Ní 2005 wọ́n fi oríṣi dúdú mẹ́ta sí i. Canon àti HP gbé tiwọn jáde ní 2006. Láti ìgbà náà, ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí ti ń ra fọ́tò onítàdáwà láìbẹ̀rù. Ohun tí Duc de Luynes ń wá ní 1856, fọ́tò tí a fi tàdáwà tẹ̀, ti dé sórí tábìlì.

Síbẹ̀, lẹ́búlẹ́bú kò gba fọ́tò lọ́wọ́ gbogbo ewu. Orí bébà ni ó jókòó sí, kò wọnú púpọ̀, nítorí náà bí a bá fi nǹkan họ ọ́, yóò họ. Bébà funfun balau tí a ń tà lónìí sì máa ń ní èròjà kan nínú tí ń mú kí ó funfun ju bí ó ti yẹ lọ, irú èyí tí ń bẹ nínú ọṣẹ ìfọṣọ. Èròjà yìí kì í tọ́jọ́. Àwọ̀ lè wà níbẹ̀ digbí kí funfun tí ó yí i ká ti di àwọ̀ eérú.

Ibo ni tiwa wà nínú gbogbo èyí? Wilhelm fúnra rẹ̀ sọ pé ilẹ̀ olóoru ni òun ti kọ́kọ́ fi ojú rí bí fọ́tò ti ń bàjẹ́, nígbà tí òun ń ṣiṣẹ́ àwọn afẹ̀rínúṣiṣẹ́ ní Bolivia ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Ṣùgbọ́n nínú yàrá àyẹ̀wò rẹ̀, ọ̀rinrin ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó ń lò. Ẹni tí ó bá ti gbé Èkó ní ìgbà òjò mọ̀ pé ọ̀rinrin wa ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì, àwọ̀ yíyọ́ sì máa ń rìn nínú bébà tí ó bá tutù. Nínú ilé tèmi, fọ́tò bàbá mi tí wọ́n yà ní 1958 wà lára ògiri kan náà pẹ̀lú èyí tí mo fi ẹ̀rọ tẹ̀ ní ìgbà tí a sin wọ́n. Ti 1958 ni mo ṣì lè fi bàbá mi han àwọn ọmọ mi.

Ọ̀rọ̀ náà sì jù báyìí lọ láàárín wa. Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà, kọ àròkọ kan sínú ìwé African Arts ní 1978 nípa fọ́tò yíyà láàárín àwọn Yorùbá, pàápàá ní Ìlá Ọ̀ràngún. Ó rí i níbẹ̀ pé àwọn ìyá kan ti ń lo fọ́tò ní ipò ère ìbejì. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, onífọ́tò yóò ya èyí tí ó kù, yóò sì tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀méjì sórí bébà kan kí ó lè dà bí ẹni pé àwọn méjèèjì jókòó pọ̀. Bí ó bá jẹ́ ọkùnrin àti obìnrin ni wọ́n, yóò ya ọmọ kan ṣoṣo náà nínú aṣọ ọkùnrin, yóò tún yà á nínú aṣọ obìnrin. Fàdákà ni àwọn fọ́tò wọ̀nyí, dúdú-òun-funfun. Igi ni ère tí wọ́n rọ́pò, a sì rí irú ère bẹ́ẹ̀ tí ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́ ni ìyá gbé sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn yẹn. Bí ìyá kan bá gbé irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ wá lónìí pé kí a tún un tẹ̀, àwọ̀ yíyọ́ lórí bébà oníhò ni ohun tí ó rọrùn jù tí a ó fi tẹ̀ ẹ́ fún un, a kò sì ní sọ fún un.

Atọ́kùn ètò yìí ti ní kí n sọ ohun tí olùkọ́ tí ó ní fọ́tò ilé ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ lè ṣe. Kí ó béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ń bá a tẹ fọ́tò bóyá àwọ̀ yíyọ́ tàbí lẹ́búlẹ́bú ni tàdáwà rẹ̀. Bí onítọ̀hún kò bá mọ̀ ọ́n, kí ó lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n. Kí ó fi gíláàsì bo èyí tí ó bá fẹ́ gbé kọ́, kí ó má gbé e kọjú sí fèrèsé, kí ó má sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri tí ń làágùn. Kí ó tẹ méjì, kí ó fi ọ̀kan sínú àpótí gbígbẹ. Kí ó má da fíìmù àtijọ́ nù. Àti pé kí ó kọ orúkọ àwọn tí ó wà nínú fọ́tò sílẹ̀ pẹ̀lú pẹ́ńsùlù, nítorí pé òjé pẹ́ńsùlù náà jẹ́ ti ìdílé èédú.

Ní ti ẹ̀rọ 2000P, iye tí wọ́n fi polówó rẹ̀ ni ọdún 200. Fọ́tò tí ó kọ́kọ́ tẹ̀ kò tí ì pé ọdún 30.